Ta ló ń bọ̀, aago mélòó lẹ sì máa jẹun? Bí a ṣe ń yan ilé oúnjẹ l'Ékòó

Ẹ kú ìmúra àlejò. Ẹ ní màmá yín ń bọ̀ láti Òṣogbo, àwọn àna yín fẹ́ kí ìdílé méjèèjì jókòó jẹun pọ̀ kí ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ tó pé, ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ yín náà sì fẹ́ bá yín jẹun ọ̀sán, gbogbo rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ wá ní ká dárúkọ ilé oúnjẹ kan ṣoṣo tó máa gba gbogbo wọn. Kò sí irú rẹ̀ l'Ékòó, ẹ má wulẹ̀ wá a. Ibi tí àmàlà ti dùn jù kì í sábà ní àga tí àgbàlagbà lè fẹ̀yìn tì, ibi tí àga sì ti rọ̀, àmàlà ibẹ̀ lè má wu màmá yín rárá. Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ oúnjẹ rẹ̀ le jù nínú àwọn tó ń bọ̀, kí ẹ mọ aago tí ẹ máa débẹ̀. Orúkọ ilé oúnjẹ ló máa kẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká mú ti màmá ṣáájú. Òkèlè ló máa fẹ́. Tó bá jẹ́ àmàlà, White House ní Sábó, Yàbá, àti Àmàlà Shitta ní Sùúrùlérè ni ọ̀pọ̀ ará Èkó máa kọ́kọ́ dárúkọ fún yín, wọ́n sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n búkà ni wọ́n, aago ló sì ń sọ bí oúnjẹ búkà ṣe máa rí lẹ́nu. Láti aago 11:30 sí nǹkan bí aago 12:45, ìkòkò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò lórí iná ni, àmàlà kò tíì pẹ́ nínú kúlà. Láti aago 1 lọ, àwọn òṣìṣẹ́ á ti ya dé, ìlà á gùn, màmá á sì wà lórí ìdúró. Tó bá ti kọjá aago 3:30, ẹ la ojú yín dáadáa. Àmàlà tó ti pẹ́ nínú ọ̀rá máa ń làágùn, ìta rẹ̀ á máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, inú rẹ̀ á sì ti le. Ewédú tí wọ́n ti gbé kaná léraléra kì í yọ̀ mọ́, omi rẹ̀ á wà lókè, ewé á wà nísàlẹ̀. Gbẹ̀gìrì lẹ máa ṣọ́ jù nínú gbogbo rẹ̀, torí ẹ̀wà ni, ooru ọ̀sán sì máa ń tètè mú un kan. Tó bá ti ń rùn kíkan, bó ti wù kó kéré tó, ẹ ní kí wọ́n fi ewédú àti ọbẹ̀ ata nìkan bu oúnjẹ màmá.

Ìdì òkèlè kan kan ni kí ẹ máa bù fún àgbàlagbà, kí èkejì lè gbóná nígbà tó bá kàn án. Ẹran ló ń gbé owó búkà lọ sókè, kì í ṣe òkèlè. Ẹyọ ẹyọ ni wọ́n ń ka ògúnfe, ṣàkì, fùkù àti bòkótó, torí náà ẹ béèrè iye ọ̀kọ̀ọ̀kan kí síbí tó wọnú ìkòkò. Tí eyín màmá kò bá le mọ́, ẹ fi ṣàkì àti ògúnfe sílẹ̀, kí ẹ mú ẹja tàbí pọ̀nmọ́ tó ti rọ̀ dáadáa.

Iyán ló máa wù ú ńkọ́? Ìbéèrè kan péré ló máa gbà yín: "Ṣé ẹ gún un ni, àbí ẹ rò ó?" Iyán tí wọ́n fi ìyẹ̀fun inú páálí rò kì í fà bíi ti ojú odó, ẹnu ará Òṣogbo á sì mọ̀ ọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tí wọ́n bá ti ń gún un lójú ẹsẹ̀, ẹ ó gbọ́ odó láti ẹ̀yìnkùlé. Ẹ máa wo àsìkò náà. Iṣu tuntun tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọjà ní nǹkan bí oṣù keje àti ìkẹjọ ṣì lómi nínú, iyán rẹ̀ á rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì lè ní kókó. Iṣu tó ti gbẹ díẹ̀, láti ìgbà ọyẹ́ lọ, ló ń fún wa ní iyán gidi. Nígbà iṣu tuntun, àmàlà ni kí ẹ gbà, kí ẹ má bá a jà.

Bẹ́ǹṣì tí kò ní ẹ̀yìn ńkọ́? Ilé ìgbẹ́ tí kò ṣeé wọ̀ ńkọ́? Fún àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn, ẹ gbé kúlà tiyín lọ sí búkà náà ní aago 11:45, kí ẹ gbé oúnjẹ wálé. Ewédú lọ́tọ̀, gbẹ̀gìrì lọ́tọ̀, ọbẹ̀ ata lọ́tọ̀. Tí wọ́n bá ti pò wọ́n pọ̀ láti ibẹ̀, wọ́n á ti ṣomi kí ẹ tó délé. Tí ilé yín bá ju wákàtí kan lọ sí ibẹ̀, ọbẹ̀ àti ẹran nìkan ni kí ẹ rà, kí ẹ ro àmàlà fúnra yín nílé. Kò sí kúlà tó lè gbé àmàlà la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wákàtí méjì já kó má làágùn.

Ti àwọn àna ló le jù, torí oúnjẹ nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ ibẹ̀. Ẹ má béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ jẹ. Àna tó mọ ìwà hù á ní "ohunkóhun tí ẹ bá fún wa náà ni", ẹ ò sì ní rí nǹkan kan dì mú nínú rẹ̀. Ohun tí wọn kì í jẹ ni kí ẹ béèrè, lọ́wọ́ ẹni tó sún mọ́ wọn, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Ibẹ̀ lẹ ti máa gbọ́ èèwọ̀ ìdílé, ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹni tí edé máa ń mú ara rẹ̀ wú. Ti edé yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, torí ọ̀pọ̀ alásè ló ń lọ̀ ọ́ sínú ẹ̀gúsí, ẹ̀fọ́ rírò àti ilá láì sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ ò sì ní rí i nínú àwo. Ẹni tí ẹ̀pà kò bá lára mu náà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan súyà, torí kúlíkúlí wà nínú yájì. Tí wọ́n bá jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ bi ilé oúnjẹ náà bóyá wọ́n ń se ẹlẹ́dẹ̀, kí ẹ tún bi wọ́n bóyá epo kan náà ni wọ́n fi ń dín gbogbo nǹkan. Tó bá bọ́ sí oṣù ààwẹ̀, ẹ pe àpèjẹ náà sí ìrọ̀lẹ́, kí omi àti dàbínù ti wà lórí tábìlì kí oòrùn tó wọ̀.

Ibi tó ní yàrá àdáni, tàbí igun tí èrò kì í gbà kọjá, ló yẹ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Yellow Chilli, tó wà ní Victoria Island àti ní GRA Ìkejà, ń se oúnjẹ ilẹ̀ wa níbi tó tura, ọ̀pọ̀ èèyàn sì mọ̀ wọ́n mọ́ ilá tó kún fún ẹja àti edé, ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ ti mọ ẹni tí edé ń bá jà. Terra Kulture ní òpópónà Tiamiyu Savage, Victoria Island, ní ilé oúnjẹ, ibi àfihàn àwòrán àti gbọ̀ngàn eré nínú ọgbà kan náà. Ó dára fún àwọn àna tó fẹ́ràn àṣà, ọ̀rọ̀ á sì máa rí ohun tó máa gbé e lọ. Ṣùgbọ́n ẹ pè wọ́n kí ẹ mọ̀ bóyá eré wà lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ eré, wàhálà ibi tí ẹ máa gbé ọkọ̀ sí á ti bà yín nínú jẹ́ kí oúnjẹ tó dé.

Ẹ má gbé àna lọ síbi tí wọ́n ti ń tò bu oúnjẹ fúnra wọn. Bàbá ẹni ọdún 70 kò gbọdọ̀ gbé àwo dání lórí ìlà níbi tí a pè é wá. Ẹ pàṣẹ oúnjẹ sílẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú tí ẹ bá ti lé ní mẹ́jọ. Ẹja odindi tí wọ́n máa yan lè gba ìṣẹ́jú 45, òkèlè kì í sì í gbà ju ìṣẹ́jú 10. Tí ẹ bá pàṣẹ méjèèjì pa pọ̀, ìdajì tábìlì á ti jẹun tán kí ẹja tó jáde, àwọn tó ń dúró ló sì máa jẹ́ àgbà. Ẹ ní kí wọ́n gbé ẹja kaná nígbà tí ẹ bá wà lọ́nà, kí ata ṣì wà lọ́tọ̀. Ẹ wo ibi tí éèsì ń fẹ́ sí, ẹ má fi ìyá àgbà síbẹ̀. Ẹ wo ibi tí ẹ̀rọ orin wà. Alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ tí àwọn olórin bá wà, ẹ ò ní gbọ́ ohun tí àna yín ń sọ. Nǹkan mìíràn tí àwọn èèyàn kì í rò ni ti ìdọ̀bálẹ̀. Àlàfo àárín tábìlì nílé oúnjẹ kò tó kí ọkọ ìyàwó na ara rẹ̀ tán. Níbi tí wọ́n bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni kó ti kí wọn bó ṣe yẹ, kí gbogbo èèyàn tó wọlé.

Lórí owó, iye tó wà nínú ìwé oúnjẹ kọ́ ni iye tí ẹ máa san. VAT, owó-orí ìjọba àpapọ̀ lórí ọjà, jẹ́ ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún láti oṣù kejì ọdún 2020. Ìpínlẹ̀ Èkó tún ní owó-orí tirẹ̀ lórí oúnjẹ ilé oúnjẹ, ìdá 5, látinú òfin ọdún 2009. Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ńlá tún ń fi owó iṣẹ́ kún un, tó sábà máa ń jẹ́ ìdá 10. Ká ní ẹ jẹ́ mẹ́wàá, oúnjẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ₦20,000: ₦200,000 nìyẹn, VAT ₦15,000, ti ìjọba Èkó ₦10,000, owó iṣẹ́ ₦20,000. Ó ti di ₦245,000 láìka ohun mímu. Ilé oúnjẹ mìíràn ti ro gbogbo rẹ̀ mọ́ iye tó kọ síbẹ̀, nítorí náà ẹ béèrè lórí fóònù. Tí owó iṣẹ́ bá ti wà nínú ìwé owó, kò di dandan kí ẹ tún fún wẹ́tà ní nǹkan, àfi tó bá wù yín. Ẹ fi owó àsansílẹ̀ sọ́wọ́ máníjà, kí ẹ sì sọ fún un pé kí ìwé owó má dé orí tábìlì rárá. Tó bá débẹ̀, àna àti ẹ̀yin á bẹ̀rẹ̀ sí í fà á mọ́ ara yín lọ́wọ́, ojú á sì ti ẹnì kan.

Ti ọ̀gá ibi iṣẹ́ kò le tó bẹ́ẹ̀. Aago 12 ni kí ẹ jókòó, kí ọ̀rọ̀ pàtàkì ti parí ní aago 12:45 kí ariwo tó dé. Tí ìwé bá wà tí ẹ máa yẹ̀ wò, ìrẹsì ni kí ẹ jẹ, kì í ṣe òkèlè. Tí ọ̀gá náà bá jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn oúnjẹ gidi ju àga rírọ̀ lọ, tí ẹ sì wà ní Lagos Island, búkà Ghana High ní Oníkàn wà ńbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ báńkì àti ọ́fíìsì àdúgbò yẹn ló ń kún ibẹ̀ lọ́sàn-án. Ibẹ̀ kì í ṣe ibi ọ̀rọ̀ àṣírí o.

Tí ọmọdé bá wà nínú àwọn tó ń bọ̀, oúnjẹ tiwọn ni kí ẹ kọ́kọ́ pàṣẹ, dòdò àti ìrẹsì funfun, kí ọbẹ̀ wà lọ́tọ̀. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù àwọn ilé oúnjẹ kan máa ń ta lẹ́nu ju bí wọ́n ṣe ń sọ lọ, ẹ tọ́ ọ wò.

Ẹ má jẹ́ kí àgbà kọjá odò torí oúnjẹ. Tí màmá bá wọ̀ sí Ìkejà, ní ẹ̀bá ibẹ̀ ló ti máa jẹun, kí àwọn ọ̀dọ́ rìn wá bá a. Afárá Third Mainland fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 12, ọjọ́ tó bá dì ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ láti Island sí Mainland lè lo wákàtí méjì lórí rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú ni ọ̀nà máa ń dá jù, àmọ́ láti aago 1 sí 3, àwọn tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé á ti gba gbogbo tábìlì. Ẹ dé ṣáájú aago 12:30, tàbí kí ẹ fi í sí aago 4.

Ibi tí ẹ bá fẹ́ gbé àna lọ, ẹ fúnra yín kọ́kọ́ débẹ̀, ní irú ọjọ́ kan náà àti aago kan náà. Ẹ pàṣẹ nǹkan kékeré kan, kí ẹ ṣọ́ ìṣẹ́jú tó gbà. Ẹ wọ ilé ìgbẹ́ wọn kí ẹ tó wo ìwé oúnjẹ: ṣé omi ń yọ, ṣé àtẹ̀gùn wà, ṣé ilẹ̀ ń yọ̀. Ẹ gbọ́ bí jẹnẹrétọ̀ ṣe ń ké sí, kí ẹ mọ tábìlì tó jìnnà sí i, kí ẹ gba nọ́ńbà tábìlì yẹn. Ẹ pè ní ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ tún pè láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí ẹ gba orúkọ ẹni tó dá yín lóhùn. Kí owó gidi tó tó ìdajì owó oúnjẹ wà lápò yín, torí nẹ́tíwọ̀kì POS lè dákú lójijì, tíránsífà sì lè kúrò ní àkáǹtì yín kó má tíì dé tiwọn fún ìṣẹ́jú 30, ẹ ò sì ní fẹ́ kí àna yín jókòó máa dúró dè yín nínú ọkọ̀.