Èsì: Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà ní ọjọ́ kejì kò lè sọ pé kì í ṣe àlẹ́jì

Ẹ kú ìdààmú o. Ẹ ní àbúrò yín jẹ ẹ̀pà, kò tó ìṣẹ́jú 20 tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bì, èémí rẹ̀ ń súfèé, ó sì dákú. Àwọn dókítà ní ara rẹ̀ ò sú, pé inú ló dà á láàmú. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà láàárọ̀ ọjọ́ kejì ò fi nǹkan kan hàn, ni wọ́n bá ní kì í ṣe àlẹ́jì. Ẹ wá ń bèèrè bóyá ó lè padà sídìí ẹ̀pà. Kó má tíì fẹnu kàn án. Ẹni tí irú èyí ti ṣojú rẹ̀ rí á mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ mi fi gbóná.

"Ara rẹ̀ ò sú" yẹn ni mo fẹ́ bá wọn fà ná. Nínú èèyàn 10 tí anaphylaxis, ìyẹn àlẹ́jì líle tó lè pààyàn kíákíá, bá mú, ó lè tó ẹnì kan tàbí méjì tí ara wọn ò ní sú rárá. Ìlànà World Allergy Organization, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ àlẹ́jì lágbàáyé, ti ọdún 2020 là á mọ́lẹ̀: bí èèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ohun tí a mọ̀ tàbí tí a fura sí pé ara rẹ̀ kì í gbà, tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wá já wálẹ̀, tàbí tí ọ̀nà èémí fún un, tàbí tí ọ̀fun há, ìyẹn ti tó. Kò dìgbà tí ara bá sú. Ẹ wá fi ti àbúrò yín wé e: ẹ̀pà, ìṣẹ́jú 20, èémí tó ń súfèé, dídákú. Kí ló tún kù?

Àti pé ta ló tiẹ̀ yẹ awọ ara rẹ̀ wò dáadáa? Wọ́n kọ́ wọn pé kí wọ́n wá ibi tó pọ́n. Lára aláwọ̀ dúdú, pípọ́n kì í hàn bọ̀rọ̀. Ọwọ́ la fi ń wá a. Kí wọ́n bọ́ aṣọ rẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ ra ẹ̀yìn àti ikùn, kí wọ́n tan iná sí i láti ẹ̀gbẹ́ kí ibi tó lé lè hàn, kí wọ́n wo àtẹ́lẹwọ́, àtẹ́lẹsẹ̀ àti inú ètè. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi há ìka láti ka ọ́síjìn pàápàá lè pe iye tó ga ju bó ṣe rí lọ fún aláwọ̀ dúdú.

Ibi tó ń dunni jù rèé, ẹ fara balẹ̀ kà á. Bí wọ́n bá ti fura, abẹ́rẹ́ adrenaline ló yẹ kó kọ́kọ́ wọlé. Àyẹ̀wò lè dúró. Mílígíráàmù 0.01 ni fún kílò kọ̀ọ̀kan, kó má ju 0.5 lọ fún àgbà, kó má ju 0.3 lọ fún ọmọdé. Inú ẹran itan ni, ní àárín, lápá òde. Kì í ṣe ìdí, kì í ṣe abẹ́ awọ apá. Bí kò bá rọ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, kí wọ́n tún un fún un. Ìgò méjì ló wà níbẹ̀ tí wọ́n máa ń ṣì mú: ọ̀kan ní mílígíráàmù 1 nínú mìlílítà 1, èyí ni ti itan, ìdajì rẹ̀ sì tó àgbà. Ìkejì ní mílígíráàmù 1 nínú mìlílítà 10, ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti dúró nìyẹn. Ẹni tó bá fa mìlílítà ìdajì látinú ìkejì, ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tó yẹ ló fún aláìsàn. Ẹni tó bá sì da mílígíráàmù 1 odidi sínú iṣan ẹni tí ọkàn rẹ̀ ṣì ń lù, ó lè ba ọkàn ọ̀hún jẹ́.

Dípò èyí, kí ni wọ́n ń ṣe? Hydrocortisone àti chlorpheniramine, wọ́n á wá kawọ́ gbera. Chlorpheniramine ń dá ara yíyún dúró. Kò lè ṣí ọ̀fun, kò lè gbé ìfúnpá dìde. Hydrocortisone ń gba wákàtí púpọ̀ kó tó ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú àwọn ikú tí wọ́n yẹ̀ wò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan bí ìdajì wákàtí ló wà láàárín oúnjẹ àti ìgbà tí ọkàn dúró. Oró kòkòrò, ìṣẹ́jú 15. Oògùn tí wọ́n fà sí iṣan, ìṣẹ́jú 5. Wọ́n á tún ní "ìfúnpá ṣì dáa". Lára ọmọdé, ìfúnpá lè máà já títí ọ̀rọ̀ á fi bọ́ sórí.

Dírípù àti ọ́síjìn, ìyẹn wọ́n mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kó dìde lọ tọ̀. Kó dùbúlẹ̀, kí ẹsẹ̀ ga. Bí èémí bá ń dí, kó jókòó, kí ẹsẹ̀ nà. Aboyún, kó fẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀. Àwọn kan ti kú níbi tí wọ́n ti gbé wọn nàró lójijì.

Kí n má parọ́ mọ́ wọn, nǹkan mìíràn máa ń jọ ọ́. Bí ètè tàbí ahọ́n bá ṣàdédé wú, tí kò yún, tí ara ò lé, kí wọ́n bèèrè oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru: lisinopril, enalapril, ramipril. Adrenaline kì í sábà ran ìyẹn, oògùn ọ̀hún ni kí wọ́n dá dúró. Ẹni tí ẹ̀rù abẹ́rẹ́ bá mú dákú, ọkàn rẹ̀ máa ń lù díẹ̀díẹ̀ ni. Ti anaphylaxis sábà máa ń sáré.

Ẹ̀jẹ̀ lẹ bi wá o, mo ti ń gbàgbé. Tryptase, èròjà tí ara máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà àlẹ́jì líle, ni wọ́n máa ń wò. Kí wọ́n gba àkọ́kọ́ ní kété tí ìtọ́jú bá ti bẹ̀rẹ̀, ìkejì láàárín wákàtí kan sí méjì tó bẹ̀rẹ̀, kó má kọjá 4, ìkẹta lẹ́yìn wákàtí 24. Ìkẹta yẹn ni wọ́n fi ń mọ bí ara rẹ̀ ṣe ń wà lọ́jọ́ gbogbo. Èyí nìkan ni wọ́n gbà lára àbúrò yín! Wọ́n á fi 1.2 sọ iye ìkẹta di púpọ̀, wọ́n á fi 2 kún un. Bí iye ìgbà àìsàn bá tó èyí, ẹ̀rí nìyẹn. Bí ti ọjọ́ kejì bá jẹ́ 5, iye tó tó 8 ti jẹ́rìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé àyẹ̀wò á kọ "ó dáa" sí i, torí wọn kì í ka ohun tí kò bá kọjá nǹkan bí 11 sí. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé wọ́n gbà á lásìkò, tryptase lè máà ga rárá nígbà tó jẹ́ oúnjẹ ló fà á.

Ẹ padà lọ gba ìwé lọ́wọ́ wọn: aago tó jẹun, aago tó bẹ̀rẹ̀, ìfúnpá tí wọ́n kà, oògùn tí wọ́n fún un. Kí wọ́n kọ ọ́ sí dókítà àlẹ́jì. Àyẹ̀wò orí awọ dáa lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, kó sì ti fi oògùn àlẹ́jì bíi chlorpheniramine sílẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan kó tó lọ. Kí ó tó dìgbà yẹn, abẹ́rẹ́ adrenaline alágbèéká méjì ni kó máa wà lápò rẹ̀, torí ọ̀kan lè máà tó.