Èsì: Ohùn tó ń dún bí ẹni wà nínú àgbá

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ohùn ẹni tí ẹgbẹ́ yín fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ń dún bí ẹni wà nínú àgbá. Kámẹ́rà yín ò bàjẹ́, ó kàn jìnnà sẹ́nu ni. Ẹ wá fóònù kejì tí yóò máa gbohùn sílẹ̀.

1. Ẹ pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀, kí ìpè má bàa dá a dúró.
2. Ẹ dorí rẹ̀ kodò sínú àpò àyà ẹni náà. Ìdí fóònù ni máìkì sábà máa ń wà.
3. Bí kámẹ́rà àti fóònù bá ti ń ká a, kí ẹnìkan pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan níwájú kámẹ́rà. "Pá!" yẹn lẹ ó fi so ohùn mọ́ àwòrán. Bí ọ̀rọ̀ bá gùn, ẹ tún pàtẹ́wọ́ nígbẹ̀yìn, torí ohùn àti àwòrán lè máa yà kúrò lára ara wọn díẹ̀díẹ̀.

Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ lèyí wà fún o. Bó bá ń rìn, aṣọ á máa ha máìkì, *krà-krà-krà*, kò sì sí bí ẹ ṣe fẹ́ yọ ọ́ kúrò. Máìkì kékeré tí wọ́n ń fi há ọrùn aṣọ ló yẹ nígbà náà.

Kẹ́ ẹ tó tú ká, kí gbogbo yín dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kẹ́ ẹ ká ìdákẹ́jẹ́ yàrá náà. Òun lẹ ó fi dí ibi tẹ́ ẹ bá ti gé ọ̀rọ̀.