Ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà nínú férémù DT125: ìlà ṣéènì ni kó o kọ́kọ́ wò

Àbúrò mi, o ní férémù Yamaha DT125 wà lọ́wọ́ rẹ, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú, o sì fẹ́ ki ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà bọ̀ ọ́ kó o lè máa fi lọ sóko, nítorí agbára rẹ ò ká máṣíìnì oko tuntun. O wá béèrè èyí tó máa wọlé pẹ́rẹ́ láìsí wàhálà. Kò sí ọ̀kankan tó máa wọlé pẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ṣeé ṣe. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ṣe é. Èkejì ni mo ṣì ń gùn lọ sóko káṣú wa lẹ́yìn Òkèhò títí di òní. Ti àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ sọ fún ọ ná, torí ojú mi rí nǹkan lórí ẹ̀.

Ihò bóòtì ni mo tẹ̀ lé nígbà yẹn. Férémù DT ní etí irin tí wọ́n jó mọ́ ọn fún ẹ́ńjìnnì tirẹ̀, ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà náà sì ní ihò tirẹ̀. Èmi àti wẹ́dà wo ibi tí etí àti ihò ti sún mọ́ ara wọn jù, a gé irin pẹlẹbẹ, a jó o pọ̀, ẹ́ńjìnnì jókòó. Kíìkì ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó ta. Inú wa dùn débi pé kò sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ wo ṣéènì láti ẹ̀yìn. Sípírókẹ́ẹ̀tì iwájú, irin eléyín tí ṣéènì ń yí lé, fi bíi mílímítà 8 wọnú ju tẹ̀yìn lọ. Ojú lè fo mílímítà 8, ṣéènì ò ní fò ó.

Lọ́sẹ̀ kejì ṣéènì bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, mo rò pé ọ́ìlì ló ń wá, mo fi ọ́ìlì sí i. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mò ń gun òkè bọ̀ láti oko pẹ̀lú àpò ẹ̀gẹ́ kan lẹ́yìn, mo kàn gbọ́ gbàgà! Táyà ẹ̀yìn há, máṣíìnì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, èmi àti ẹ̀gẹ́ bọ́ sínú koríko. Nígbà tí mo dìde, mo rí i pé ṣéènì ti yọ, ó ti ká jọ sẹ́yìn sípírókẹ́ẹ̀tì iwájú, ó sì ti lu ara ẹ́ńjìnnì fọ́. Àtàǹpàkò mi wọ ihò náà. Gbogbo ọ́ìlì ti dà sínú yanrìn. Owó káṣú odindi ọdún kan ni mo fi ra ẹ́ńjìnnì yẹn, mo sì ti máṣíìnì délé lóru.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí pé ibi tí ṣéènì bá gbà ni ẹ́ńjìnnì máa jókòó sí. Bóòtì á wá bá a níbẹ̀.

Bí mo ṣe ṣe ìkejì nìyí. Mo tú u títí ó fi ku férémù, apá irin tó gbé táyà ẹ̀yìn dání, àti táyà méjèèjì. Mo fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn bíríkìlà ń lò na ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn títí dé tiwájú, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, mo ń sún ọ̀pá táyà ẹ̀yìn títí àlàfo méjèèjì níwájú fi dọ́gba. Bí o ò bá ṣe èyí ná, gbogbo ìwọ̀n yòókù, irọ́ ni. Lẹ́yìn náà mo gbé ẹ́ńjìnnì wọlé láìfi bóòtì kankan mú un. Àfọ́kù pákó ni mo fi gbé e lábẹ́, mo fi igi pẹlẹbẹ há a lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sì fi tíúbù táyà gbígbó so ó mọ́ férémù kó má yẹ̀. Mo wá gbé irin fèrèsé gígùn kan tó tọ́ dáadáa lé ẹ̀gbẹ́ sípírókẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn kó na dé tiwájú. Odindi ọjọ́ kan ni mo fi ń ti ẹ́ńjìnnì yẹn síhìn-ín sọ́hùn-ún, tí mò ń yọ igi, tí mò ń fi igi mìíràn sí i, títí irin náà fi sùn lé sípírókẹ́ẹ̀tì méjèèjì pẹrẹsẹ. Mẹkáníìkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní mò ń fàkókò ṣòfò. Má gbọ́ ti irú wọn.

Ohun kan tún wà tí irin yẹn ò ní sọ fún ọ. Wo bóòtì ńlá tí apá ẹ̀yìn fi ń mì sókè sódò. Bí sípírókẹ́ẹ̀tì iwájú bá jìnnà jù sí bóòtì yẹn, ṣéènì á máa le, á máa dẹ̀ bí táyà bá ṣe ń wọ kòtò tó ń jáde, apá ẹ̀yìn DT sì máa ń mì gan-an ju ti ọ̀kadà lọ. Nítorí náà sún ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn débi tó bá lè dé láìjẹ́ kí kábúrétọ̀ gún férémù. Bó o bá ń wọn ṣéènì, yọ ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn kúrò, gbé táyà sókè títí sípírókẹ́ẹ̀tì iwájú, bóòtì yẹn àti àárín táyà ẹ̀yìn fi wà lójú ìlà kan. Ibẹ̀ ni ṣéènì ti ń le jù. Bí kò bá lè mì rárá níbẹ̀, ó ti le jù, á sì jẹ bíárín ẹ́ńjìnnì rẹ.

Kí wẹ́dà tó tan iná, fi kíìkì, ẹsẹ̀ bíréèkì àti ẹsẹ̀ jíà sí i, kó o tẹ gbogbo wọn dópin. Kíìkì tèmi gbá ìtẹ̀sẹ̀ ọ̀tún, ìtẹ̀sẹ̀ náà la sì sún sẹ́yìn. Irin tó nípọn tó mílímítà 6 ni mo lò fún etí tuntun. Tú wáyà CDI, àpótí kékeré tó ń darí iná púlọ́ọ̀gì, kúrò kí iná wẹ́dà má baà pa á, fi àkísà tútù bo ẹ́ńjìnnì, kí wẹ́dà kàn fi iná lẹ̀ ẹ́ lójú kọ̀ọ̀kan. Yọ ẹ́ńjìnnì jáde lẹ́yìn náà, kó wá jó o tán, díẹ̀ lọ́tùn-ún, díẹ̀ lósì, nítorí irin tó gbóná lápá kan máa ń fa férémù wọ́. Gbé ẹ́ńjìnnì padà, kó o tún gbé irin gígùn rẹ lé ṣéènì. Kò jọ ohun tó pọn dandan, ṣùgbọ́n tèmi ti yẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn iná, wáṣà méjì la fi tún un ṣe.

Ní ti ẹ́ńjìnnì, CG ni kó o rà. Honda gbé CG125 jáde ní 1976 fún ìlú tí iṣẹ́ máṣíìnì ti pọ̀ tí ìtọ́jú rẹ̀ ò sì tó nǹkan. Ọ̀pá ló ń ti fáàfù rẹ̀, kò ní ṣéènì inú tó máa dẹ̀. Àwọn ará Ṣáínà ti ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà, kò sì sí abúlé tó o máa dé ní Òkè-Ògùn tí wọn ò ní ní píísítìn rẹ̀. Wo àkọlé ara ẹ́ńjìnnì: 156FMI ni 125cc, 162FMJ ni 150cc. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé 1 yẹn ni ìwọ̀n ẹnu sílíńdà ní mílímítà. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fi bébà 125 ta 150, àwọn mìíràn sì ń ṣe òdìkejì rẹ̀, nítorí náà àkọlé ni kó o kà.

Ra ẹ́ńjìnnì náà pẹ̀lú CDI, kọ́ìlì, rẹ́kítífáyà àti ìdì wáyà tó bá a wá láti ara máṣíìnì kan ṣoṣo. Àwọn DT àtijọ́ kan ń lo iná 6V, CG wọ̀nyí 12V ni, gbogbo gílóòbù ni kó o pàrọ̀. DT rẹ tú-síróòkì ni, ọ́ìlì rẹ̀ máa ń jóná pọ̀ mọ́ pẹtiróòlù, ó sì ní táǹkì ọ́ìlì kékeré tirẹ̀. Yọ ọ́ kúrò, má sì po ọ́ìlì mọ́ pẹtiróòlù mọ́, inú ẹ́ńjìnnì ni ọ́ìlì fọ́-síróòkì bíi CG ń wà. Sàléńsà DT kò wúlò mọ́. Ṣùgbọ́n àpótí afẹ́fẹ́ DT, fi rọ́bà so ó mọ́ kábúrétọ̀, má jù ú nù. Eruku ọyẹ́ ní ọ̀nà Ṣakí lè jẹ píísítìn tuntun tán láàárín ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan bí kò bá sí fítà.

Nípa owó, má fi gbogbo rẹ̀ ra ẹ́ńjìnnì. Ohun tó jẹ mí lówó jù ni rọ́bà fọ́ọ̀kì iwájú, bíárín táyà méjèèjì àti bíréèkì. Férémù olówó pọ́ọ́kú ti ṣiṣẹ́ kó tó dé ọwọ́ rẹ. Wo ọrùn rẹ̀ níbi tí fọ́ọ̀kì ti wọlé; bó bá ti là tí wọ́n jó o, fi sílẹ̀.

Gba rìsíìtì lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún ọ, kó o wo nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnnì bóyá wọ́n ti ha á. Bó bá ti ní àpá fáìlì, má rà á, bó ti wù kó dín owó tó. Ṣe ìwé ìbúra ní kọ́ọ̀tù, kó o lọ yí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì inú pátíkúlà ní ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì. Mo mọ ẹni tó sun àgọ́ ọlọ́pàá nítorí ẹ́ńjìnnì tó fi owó ara rẹ̀ rà.

O tún béèrè bóyá kó o kúkú fi ẹ́ńjìnnì 200cc sí i. Má fi sí i. Bíréèkì DT àtijọ́ kò ṣe fún un, òkè oko ò sì nílò rẹ̀. Eyín 14 níwájú, 49 lẹ́yìn, ṣéènì 428, bẹ́ẹ̀ ni tèmi rí pẹ̀lú 125, ó sì ń gbé àpò káṣú méjì gun òkè tí àwọn ọlọ́kadà ti ń sọ̀ kalẹ̀ tì í. Lójú títì ńlá kò ní sáré, ṣùgbọ́n ìwọ náà ò sọ pé ibẹ̀ lò ń lọ.

Bó o bá ti gbé ẹ́ńjìnnì lé igi, ya fọ́tò ṣéènì láti ẹ̀yìn gbọnrangandan pẹ̀lú irin gígùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó o fi hàn mí kí wẹ́dà tó dé.