Ṣé gáàsì, dísù àti AGO, nǹkan kan náà ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá mi tó wa mọlúè láyé àtijọ́, gáàsì ló máa ń pè é, àwa ń pè é ní dísù, ilé epo kọ AGO sára pọ́ǹpù. Àbúrò mi ní Houston, Amẹ́ríkà, náà ní gáàsì lòun ń rà sí mọ́tò òun, ṣé dísù lòun náà ń lò ni? Ọmọ mi tún wá ní orúkọ èèyàn ni dísù, mo ní kó lọ jókòó jẹ́ẹ́. – Bàbá Ìbejì, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ní kọ́mọ yẹn dìde, òun ló jàre. Rudolf Diesel lorúkọ ọkùnrin náà, ọmọ Jámánì làwọn òbí ẹ̀ àmọ́ Paris ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1858. Ẹ́ńjìnnì ló ṣe o, kì í ṣe epo, ìlú Augsburg ló ti yege lọ́dún 1897. Ìgbà tó yá ni orúkọ ẹ́ńjìnnì wá lẹ̀ mọ́ epo tó ń mu, bí obìnrin ṣe máa ń bímọ tá á di Ìyá Bọ́lá, tí gbogbo àdúgbò á gbàgbé orúkọ tí bàbá ẹ̀ sọ ọ́. (Ikú ọkùnrin yẹn ṣì ń yà mí lẹ́nu títí dòní, September 1913 ló wọ ọkọ̀ ojú omi láti Antwerp tó ń lọ sí England, ó lọ sùn, ilẹ̀ mọ́ wọn ò rí i mọ́, ojú omi ni wọ́n ti padà rí òkú ẹ̀.)

Orúkọ àbísọ epo yẹn gan-an ni gas oil. Ohun tí bàbá yín ń pè nìyẹn, òun náà ló fara pamọ́ sínú AGO, Automotive Gas Oil. Ẹ kọjá Ìdírokò wọ Bẹ̀nẹ̀ báyìí, gasoil lẹ máa bá lára pọ́ǹpù. Àwa tiwa, gáàsì ìdáná ti gba orúkọ yẹn lọ́wọ́ ẹ̀. Gáàsì ti àbúrò yín ní tiẹ̀, gasoline ni wọ́n gé kúrú, pẹtiróòlù lásán ni, ẹ má jẹ́ ó dà yín láàmú.

Ẹ́ńjìnnì dísù ò nílò pulọ́ọ̀gì tó ń ṣáná. Ṣé ẹ ti fi pọ́ǹpù ọwọ́ fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí, tí ìdí pọ́ǹpù ń gbóná? Bó ṣe ń ṣe nìyẹn, ó máa tẹ atẹ́gùn pọ̀ débi tó máa gbóná gan-an, wọ́n á wá tu dísù sí i, ó gbiná fúnra ẹ̀.

Ibi tọ́rọ̀ ti ń ná wa lówó ni pé táwa bá ní "fúẹ̀lì", pẹtiróòlù là ń sọ, tá a bá ní "epo" ó lè jẹ́ èyíkéyìí. Mo rán ọmọ kan ní kẹ́ẹ̀gì lọ́jọ́ kan, mo ní kó ra epo wá fún jẹnẹrétọ̀ kékeré mi, ó ra dísù dé, mo kàn dà á sí i láì gbóòórùn ẹ̀. Ó rú èéfín funfun títí, ló bá kú, a fà á títí apá fi ń ro wá, a padà da táǹkì nù, a fọ kabúrétọ̀, a pààrọ̀ pulọ́ọ̀gì. Èyí tiẹ̀ sàn o. Tó bá jẹ́ pẹtiróòlù lẹ dà sí ẹ́ńjìnnì dísù, ìnáwó ńlá ni, torí dísù yẹn fúnra ẹ̀ ló ń jẹ́ kí pọ́ǹpù inú ẹ́ńjìnnì àti nósù tó ń tu epo máa yọ̀ dáadáa, pẹtiróòlù ò lè ṣe é. Ẹ fi ìka méjì ra wọ́n wò: dísù á máa yọ̀ bí òróró, pẹtiróòlù á tutù lọ́wọ́, á sì gbẹ kíá.

Ẹ tún bá mi sọ fún àbúrò yín, tó bá lọ yá mọ́tò ní London, ọwọ́ pọ́ǹpù aláwọ̀ ewé tó jẹ́ ti dísù ní ọ̀pọ̀ ilé epo Amẹ́ríkà, pẹtiróòlù ló jẹ́ níbẹ̀, dúdú ni ti dísù.