Ṣé èèyàn lè mòòkùn lọ ya fọ́tò ọkọ̀ Titanic?

Rárá o, ó jìn jù. Nǹkan bí 3,800 mítà ni Titanic wà nísàlẹ̀ òkun. Ìwọ tó o béèrè láti Àkúrẹ́, o mọ Òkè Ìdànrè, tó fi nǹkan bí 3,000 ẹsẹ̀ bàtà ga ju òkun lọ. Ká to mẹ́rin irú rẹ̀ léra níbẹ̀, orí rẹ̀ kò ní yọ. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi rí ọkọ̀ náà ní 1985.

Àwọn tó ń gbé àgbá afẹ́fẹ́ pọ̀n mòòkùn fún fàájì kì í sábà kọjá 40 mítà. Bí èèyàn bá ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni omi ń tẹ̀ ẹ́ sí i, náítírójìn inú afẹ́fẹ́ tó ń mí á sì máa wọnú ẹ̀jẹ̀. Tí èèyàn bá sáré gòkè, náítírójìn náà yóò hó nínú ara rẹ̀ bí ẹlẹ́rìndòdò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Ó lè rọ èèyàn lápá lẹ́sẹ̀, ó sì lè pa á.

Ní ti fọ́tò, àwọ̀ pupa ló kọ́kọ́ ń pòórá nínú omi, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé iná dání.

Èyí tó wù mí jù ṣẹlẹ̀ nítòsí wa. Ní 2013, ọkọ̀ kan rì sí nǹkan bí 30 mítà létíkun Delta, lápá ìsàlẹ̀ Ìlàjẹ wa. Òkú làwọn tó mòòkùn ń wá, àfi bí wọ́n ṣe bá Harrison Okene, alásè ọkọ̀ náà, láàyè lẹ́yìn nǹkan bí 60 wákàtí! Òun náà ti wá di ẹni tó ń mòòkùn ṣiṣẹ́.