Èsì: Ṣé ìlú kékeré lè pèsè iná fúnra ẹ̀?

Bọ̀dá mi, ẹ bi wá bóyá ìlú kékeré kankan wà tó ń pèsè iná fúnra ẹ̀ àbí ẹnu lásán ni. Ó wà o, ẹ wo Samsø, erékùṣù kan ní Denmark, èèyàn ibẹ̀ ò ju nǹkan bí 4,000 lọ, àgbẹ̀ ló pọ̀ níbẹ̀, ọ̀dùnkún wọn sì lókìkí gan-an. 1997 ni wọ́n gbégbá orókè nínú ìdíje ìlú tó máa pèsè iná fúnra ẹ̀ tí ìjọba wọn ṣe, wọ́n wá gbé ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣe iná 11 sórí ilẹ̀, wọ́n tún gbé 10 sínú òkun torí mọ́tò àti ọkọ̀ ojú omi wọn ṣì ń jó epo, iná tinú òkun yẹn ni wọ́n fi ń dí àlàfo epo tí wọ́n ń jó. Ooru tí wọ́n fi ń lé òtútù nílé ńkọ́? Pòròpórò tó kù lóko lẹ́yìn ìkórè ni wọ́n ń dáná sí, omi gbígbóná á gba inú páìpù lọ sílé onílé.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó gan-an ló dùn mọ́ mi jù. Àwọn àgbẹ̀ àti ará ìlú ló fowó sí i, àwọn míì ra ṣíà, káńsù ló ra 5 nínú tinú òkun. Ẹni tó bá ní ṣíà níbẹ̀, ṣé ó tún máa pariwo pé ẹ̀rọ ń dí òun lójú ni? Søren Hermansen, ọmọ ìlú yẹn tó ti ṣe tíṣà rí, ló ń bá wọn ṣèpàdé lórí ìpàdé títí wọ́n fi gbà. Àmọ́ wọn ò já wáyà tó so wọ́n mọ́ Denmark yòókù o, tí afẹ́fẹ́ ò bá fẹ́, iná ṣì ń tibẹ̀ wá, tó bá sì ṣẹ́kù wọ́n á tà á padà.