Fáànù Ń Yí, Ojú Mọ́nítọ̀ Dúdú

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan tí mo rà ní tòkunbọ̀ ni mo fi ń tẹ ìwé fún àwọn oníbàárà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí déètì tó wà lórí aago rẹ̀ ti máa ń padà sí ọdún 2007 bí mo bá yọ ọ́ kúrò lára iná mọ́jú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n mú iná lọ, wọ́n sì dá a padà lójijì. Láti ìgbà náà, bí mo bá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, fáànù a máa yí, ẹ̀rọ a máa dún bíìpù-bíìpù, ṣùgbọ́n ojú mọ́nítọ̀ kì í tàn. Oníṣẹ́ kan ní motherboard, pátákó ńlá inú ẹ̀rọ tí gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ so mọ́, ti jó, kí n ra òmíràn. Iṣẹ́ àwọn ènìyàn wà nínú rẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ fọkàn balẹ̀ ná lórí iṣẹ́ àwọn oníbàárà yín. Inú hard disk, ibi tí ẹ̀rọ ń tọ́jú fáìlì sí, ni ó wà, kì í ṣe inú motherboard; bí disk náà fúnra rẹ̀ kò bá ti bàjẹ́, a lè tú u, kí a fi wáyà tó ń lọ sí ojú USB so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, kí a sì kó àwọn fáìlì yín jáde.

Èmi kò fara mọ́ ohun tí oníṣẹ́ yẹn sọ. Iṣẹ́ ni bíìpù yẹn ń jẹ́ fún yín. Bí a bá tan kọ̀ǹpútà, ètò kékeré kan tó ń jẹ́ BIOS, tó wà lára motherboard, ni ó kọ́kọ́ ń yẹ àwọn ẹ̀yà ara ẹ̀rọ wò, bí ó bá sì rí àbùkù kí mọ́nítọ̀ tó tàn, ìró nìkan ni ó kù tó lè fi sọ ọ́. Motherboard tó jó pátápátá kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ka ìró náà, èyí tó gùn àti èyí tó kúrú, kí ẹ wo ìtumọ̀ rẹ̀ nínú ìwé ẹ̀rọ yín, nítorí pé ìtumọ̀ wọn kò dọ́gba láti ilé iṣẹ́ kan sí èkejì.

RAM, pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ̀rọ fi ń rántí ohun tó ń ṣe lọ́wọ́, ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ẹ yọ wáyà kúrò lára iná, ẹ tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí iná tó ṣẹ́kù lè tán, ẹ fọwọ́ kan irin ara àpótí náà, lẹ́yìn náà kí ẹ yọ RAM. Ẹ fi rọ́bà tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń pa lẹ́ẹ̀dì rẹ́ nu etí rẹ̀ tó dà bí wúrà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọn eruku ọyẹ́ kúrò nínú ihò rẹ̀ (ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, nítorí itọ́), kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ padà títí ìdè ẹ̀gbẹ́ méjèèjì yóò fi dún. Bí ó bá jẹ́ méjì, ẹ dán wọn wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fẹ́ ra òmíràn, ẹ mú ti àtijọ́ dání, nítorí pé oríṣiríṣi ni RAM: ihò irú tó ń jẹ́ DDR2 kò gba DDR3.

Ti aago, bátìrì CR2032, èyí pẹlẹbẹ bí owó ẹyọ tó wà lára motherboard tó ń gbé aago ṣiṣẹ́ bí kò bá sí iná, ni ó ti kú. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Bí RAM kò bá jẹ̀bi, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ní mítà tí a fi ń wọn iná wáyà wo power supply, àpótí tó ń pín iná fún ẹ̀rọ, nítorí pé yíyí fáànù kò fi hàn pé gbogbo iná rẹ̀ pé. Wáyà aláwọ̀ ìyeyè yẹ kó gbé 12 volts, pupa 5, aláwọ̀ ọsàn 3.3, bí ti 12 bá wà nísàlẹ̀ 11.4, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹ má ṣe tú power supply fúnra rẹ̀ rárá: iná a máa wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti yọ wáyà. Kí ẹni náà sì wo àwọn capacitor, ẹ̀yà kéékèèké bí agolo tó ń tọ́jú iná, lórí motherboard bóyá orí wọn ti wú, nítorí pé àrùn yìí mú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń fi òjé jó irin mọ́ra lè pààrọ̀ wọn.

Bí gbogbo èyí bá kùnà, tí ẹ sì ti fi RAM tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ mìíràn dán an wò, nígbà náà ni ẹ tó lè dá motherboard lẹ́bi, kí oníṣẹ́ sì kọ́kọ́ fi òmíràn tó bá processor (ọpọlọ ẹ̀rọ) yín mu sínú ẹ̀rọ, kó tan lójú yín, kí ẹ tó sanwó.